Ẹni Tó Na Ọwọ́ Sí Wa

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi, Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Bàbá, ẹ kú ìwé kíkà, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ka èyí sétí Ìyá mi, mo sì mọ̀ pé bírò pupa ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán ná kẹ́ ẹ tó fún mi ní máàkì.

Ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láàbù la ti kọ́kọ́ máa kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ ọgbà ẹranko, ká tó wá lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko ìgbẹ́ tó bá ṣèṣe. Láàbù ni mo wà báyìí. Ilé gígùn kan ni, kò ní fèrèsé, òórùn ọṣẹ àti ti oúnjẹ gbígbẹ ló gba inú rẹ̀ kan. Kí n tó wọlé, mo gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà mi, kí n wọ aṣọ wọn, kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n bo irun. Eku funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn eku yìí rí ìtọ́jú ju àwa tá à ń tọ́jú wọn lọ. Wọ́n ń wọn ooru yàrá wọn, wọ́n ń pààrọ̀ ibùsùn wọn, bẹ́ẹ̀ mátírẹ́ẹ̀sì tèmi ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, kí n wo ojú, imú àti eyín wọn, kí n sì dá èyí tí ara ń ni mọ̀ kó tó ṣubú. Ẹranko kì í sọ pé orí ń fọ́ òun. Irun rẹ̀ ló máa dìde, á ká ẹ̀yìn kò, á fún ojú pọ̀. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó, òkú rẹ̀ ló máa bá.

Òfin ibẹ̀ ni pé a kì í sọ wọ́n lórúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́. Olùkọ́ wa ní ẹni tó bá sọ eku lórúkọ, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó pa á.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀kan nínú wọn bù mí jẹ ní àtàǹpàkò ọ̀tún, eyín rẹ̀ gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá. Ẹ̀bi mi ni. Mo dì í mú bí ẹni tó ń bẹ̀rù, ẹ̀rù mi ló sì bu jẹ. Ó ti san, ẹ má mikàn. Èékánná tó tún ń hù níbẹ̀ ló wọ́, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìkarahun ìgbín.

Ìyá mi, gìgísẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé egbò yẹn ń jinná? Ojú ńkọ́? Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná o. Kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ ń mọ̀ ọ́n lára bó bá ń jó yín.

Èmi ni, Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Àbíkẹ́yìn mi, Dókítà Ẹyẹlé,

Lẹ́tà rẹ dé láyọ̀, ìwọ tó o ti ń fi àkísà di ẹsẹ̀ ẹyẹlé láti kékeré. A kí ọ, a kí àwọn eku rẹ. Ìyá rẹ ní kí n tún ibi tí eku ti bù ọ́ jẹ kà fún òun. Mo tún un kà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé tíì ìdájí fún un, èékánná rẹ ló máa kọ́kọ́ béèrè: ṣé kò ń fà mọ́ aṣọ? Ṣé kò ń dùn ọ́ bó o bá ń fọṣọ? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Tíṣà, kí wá ni ẹ mọ̀?"

Alábẹ̀wò wá kí wa. O rántí rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí ìjọba ti fẹ̀yìn rẹ̀ tì kúrò lẹ́nu bíbẹ ilé ìwé wò, tí kò sì tíì yéé bẹ ilé onílé wò. Ó bi mí pé kí gan-an lò ń kọ́ lọ́hùn-ún. Mo ní ìtọ́jú ẹranko láàbù, ti ọgbà àti ti ìgbẹ́. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó ní, "Ní ti ìjìnlẹ̀ ìmọ̀, ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé ó ń fún eku lóúnjẹ?" Mo ní, "Ní ti ìjìnlẹ̀ ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni." Ìyá rẹ wá lọgun láti inú yàrá: "Ẹ sọ fún un pé eku ọ̀hún ń jẹun lásìkò ju ìyàwó tiẹ̀ lọ!" Gbogbo ìjìnlẹ̀ ìmọ̀ tú ká.

Ibẹ̀ lẹ̀rín tán sí. Egbò náà kò jinná. Dókítà kan tí bàtà ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jù lọ́jọ́ orí ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ti mú kó jẹ wọ egungun, ó ní ká jẹ́ káwọn gé ẹsẹ̀ náà níbi ọrùn ẹsẹ̀ kó tó gòkè. Ìyá rẹ ní rárá. Ó ní, "Kí ẹsẹ̀ lọ ṣáájú, kémi náà wá tẹ̀lé e? Wọn ò ní sin èmi lẹ́ẹ̀mejì." Mo rojọ́, mo fa ìwé yọ, mo ya àwòrán sórí bébà fún obìnrin tó jẹ́ pé òjìji nìkan ló ń rí báyìí. Ó ní kí n jọ̀wọ́ nu pátákó.

Mo fi fóònù lọ̀ ọ́. Ó ní ohùn inú ẹ̀rọ yẹn dà bíi ti ẹni tó jìn sí kànga, òun ò sì lè bá ẹni tó wà nínú kànga dámọ̀ràn. Lẹ́tà rẹ nìkan ló ń gbọ́. Ìwọ lo máa ń wẹ egbò yẹn fún un kó o tó lọ, ìwọ nìkan ni kì í pariwo mọ́. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Àrùn ṣì ni èyí, ọmọ mi. Kọ̀wé sí i kíá. Sọ fún un pé kó gbà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Bàbá mi, Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kú àmójúbà, ẹ kú ara ríro. Ìyá mi, èékánná náà kì í fà mọ́ aṣọ. Òwú ló máa ń fà mọ́.

Wọ́n ti gbé wa lọ sí ọgbà ẹranko. Ìnàkí arúgbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Èmi ń pè é ní Ìyá Àgbà, níbí a lè sọ wọ́n lórúkọ. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀, bó bá jókòó, ẹ ó rò pé ó ń dúró dé ẹni tó jẹ ẹ́ ní àlàyé. Kídìnrín rẹ̀ ò dáa, a sì gbọ́dọ̀ máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ta ló máa wọlé lọ di ìnàkí mú? Ó lè fa apá ènìyàn yọ bí ẹni já ewé. Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Irin róbótó oníhò kan wà lára àgò, ó gùn bí apá. Mo máa jókòó síwájú rẹ̀, mo máa ní, "Ọwọ́ dà?" Nígbà àkọ́kọ́, bó bá kàn fi ìka kan irin náà, mo fún un ní èso. Nígbà tó yá, ó gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó rí èso gbà. Mo wá ń fi òwú tútù nu apá rẹ̀. Mo wá ń fi abẹ́rẹ́ tí kò lẹ́nu kàn án. Ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n gún òun. Ní báyìí, bí mo bá ti ní "Ọwọ́ dà?", á nà án jáde, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọdé tí kò fẹ́ wo abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ti pè é, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Èmi nìkan ló ń na ọwọ́ sí.

Ohun kan ni wọ́n fi kìlọ̀ fún wa: má tàn án. Bó o bá ní èso ni, kó jẹ́ èso. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni, jẹ́ kó rí abẹ́rẹ́ náà. Bó o bá tàn án lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní na ọwọ́ sí ọ mọ́ láyé.

Ìyá mi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní tan ẹ̀yin náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó máa dùn yín. Ẹ máa wá ẹsẹ̀ náà láàárọ̀, ẹ ò ní rí i. Mi ò sì ní lè wà níbẹ̀. Bí mo bá jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí kí ẹ̀kọ́ tó parí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ kan lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa retí ọmọ rẹ̀. Ẹ gbà fún wọn, kẹ́ ẹ sì dúró dè mí.

Bàbá, ẹ kà á bó ṣe wà.

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Dókítà Ẹyẹlé,

Ó gbà! Ó gbà o!

Mo ka lẹ́tà rẹ fún un. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó dáa." Alábẹ̀wò wà níbẹ̀. Ó ní àpẹẹrẹ gidi lèyí jẹ́ nípa agbára ìbánisọ̀rọ̀ onílẹ́tà láwùjọ òde òní. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná kó tó kó wa lọ sí àwùjọ òde òní.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ wẹ egbò, mo máa ní, "Ẹsẹ̀ dà?" Ìyá rẹ á na ẹsẹ̀, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ìnàkí rẹ, á ní, "Èso dà?" Mi ò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ti ní kí wọ́n sá mátírẹ́ẹ̀sì yàrá rẹ sóòrùn, kí wọ́n sì gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó ń lọ sí ilé ìwòsàn, yàrá ẹlòmíì ló ń tún ṣe. Má bi mí nídìí.

Wọ́n ti fún un ní bẹ́ẹ̀dì nínú wọ́ọ̀dù. Ó kù kí wọ́n dá ọjọ́. O ṣeun, ọmọ mi. Ìwé kíkọ́ dáa.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Àbíkẹ́yìn, ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ló ń bá mi kọ èyí, bàbá rẹ ò sí níbí, mo rán an lọ ra ọṣẹ. Ọmọ dáadáa ni nọ́ọ̀sì yìí, ìka ẹ̀ rọ̀, àmọ́ ó ní kí n má sáré sọ̀rọ̀, ó ní ọwọ́ ń ro òun. Kọ ìyẹn náà sí i, nọ́ọ̀sì.

Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi dúpẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ ka lẹ́tà yẹn, nígbà àkọ́kọ́, bóyá etí mi ló di, mo rò pé o ní o ò ní lè wá. Ìbànújẹ́ bá mi. Mo ní kó tún un kà. Ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ ọ dáadáa pé o máa wá, pé o máa di ọwọ́ mi mú títí wọ́n á fi parí. Mo ní, ó tán. Bí Àbíkẹ́yìn bá di ọwọ́ mi mú, kí wọ́n gé ibi tó bá wù wọ́n.

Dókítà kékeré yẹn ti wá lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú bébà rẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tó máa fi ọ̀bẹ kàn mí títí ọmọ mi á fi dé. Ó ní Màmá, ẹsẹ̀ yìí ò lè dúró. Mo ní, ẹ sọ fún ẹsẹ̀ kó ní sùúrù, ọ̀nà jìn.

Máa bọ̀ jẹ́jẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n fi eré pa ọ́ lọ́nà. Mo ti ní kí wọ́n sá bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá,

Ẹ kú ilé.

Ìyá mi kọ̀wé sí mi. Ẹ bi nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹgba kọ́ wa pé a kì í fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹni tí kò sọ ọ́! Mo ní kẹ́ ẹ kà á bó ṣe wà. Mo fara balẹ̀ sọ fún un pé mi ò ní lè wá, ẹ wá fi ohùn yín bò ó mọ́lẹ̀. Ó ń dúró dè mí, Bàbá. Nítorí ìlérí tí mi ò ṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń jẹrà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ sọ òótọ́ fún un lónìí. Ẹ má dúró dọ̀la.

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń sọ ìwé ìgbélùú mi dọ̀tun. Akọ̀wé ibẹ̀ ní bó bá jáde, á jáde. Mo sunkún níwájú rẹ̀, ó na aṣọ ìnujú sí mi láì gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ.

Kídìnrín Ìyá Àgbà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò jẹun mọ́. Ọ̀gá dókítà wa, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka òfin sétí ìlú, pè mí. Ó ní wọ́n ti pinnu láti fún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, àti pé bí mo bá pe ọwọ́ rẹ̀, wẹ́rẹ́ ló máa lọ. Mo ní rárá. Mi ò ní fi èso pe ẹni tó gbà mí gbọ́ wá gba ikú. Ẹni kan nínú wa gbọ́dọ̀ wà tí kì í tan ni jẹ.

Àbíkẹ́yìn.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

O bá mi wí, mo gbà á. Mo ti bá ọmọ ọlọ́mọ wí fún ohun tó kéré ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n gbọ́. Nígbà tí mo kà á bó ṣe wà, ojú rẹ̀ kú. Ó yí sí ògiri, ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n máa lọ bí mo ṣe wà." Ìwọ ò sí níbẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú yẹn ni mo rí. Ó ní kí n tún un kà, ohùn mi dé orí ìlà yẹn, kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ohun mìíràn ló jáde. Mo rò pé tí wọ́n bá ti gé e tán, á bínú sí mi títí, á sì wà láàyè láti bínú. Mi ò mọ̀ pé á ní òun máa dúró dè ọ́ kí wọ́n tó gé e. Mo ka ìwé púpọ̀ láyé mi, mi ò ka ìyá rẹ dé ibẹ̀ yẹn.

Mo ti fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Mo jókòó tì í, mo ní, "Ìyá Àbíkẹ́yìn." Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ ti gbéra?" Mo ní mò ń bọ̀, mo jáde lọ dúró sẹ́yìn ilé ìdáná wọn.

Egbò náà ti dúdú kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní orúnkún ni wọ́n máa gé báyìí, bó bá sì pẹ́ sí i, òun ò mọ ohun tó kù tóun lè gé. Wá, ọmọ mi. Bí wọn ò bá jẹ́ kó o padà wọlé mọ́, wá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Àbíkẹ́yìn,

Mi ò rí èsì. Ibà ti mú un. Ó ń pe orúkọ rẹ mọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Alábẹ̀wò wá jókòó tì í, kò sọ gbólóhùn gígùn kankan. Ìgbà yẹn lẹ̀rù wá bà mí.

Bó bá jẹ́ pé ìbínú ni kò jẹ́ kó o kọ̀wé, bínú lórí bébà, kó o fi ránṣẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mi ò tíì dìde. Ẹ foríjì mí pé mo dákẹ́. Lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí, mi ò lè di bírò mú.

Nígbà tí mo kọ̀ láti pe Ìyá Àgbà, ìbọn abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé wá, èyí tí wọ́n fi ń ta oògùn sí ẹranko lára láti òkèèrè. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ní kí n jáde, mo dúró sẹ́yìn gíláàsì. Ó rí ìbọn náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó kígbe. Arúgbó tí kò lè gun orí pẹpẹ rẹ̀ mọ́, ó gun irin dé òkè, ó yàgbẹ́ sára. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tàsé. Èkejì bà á ní itan, ó fà á yọ, ó wò ó.

Ó wá sọ̀ kalẹ̀, Bàbá. Ó wọ́ra lọ sídìí irin róbótó yẹn, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó nà án jáde. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó rò pé bóun bá ti na ọwọ́, ẹ̀rù náà á tán, bó ṣe máa ń tán. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ náà wà níta, kò sẹ́ni tó gbà á. Èmi wà lẹ́yìn gíláàsì, mò ń pa ọwọ́ ara mi mọ́ kó má bàa dọ̀tí. Mi ò lọ. Wọ́n tún ìbọn náà kì.

Bí mo bá pè é ni, á ti rò pé èso ló ń bọ̀, á sì ti sùn lọ́wọ́ mi.

Pásípọ́ọ̀tù mi ò tíì jáde. Mò ń lọ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò ní lè dé. Nítorí náà, Bàbá, mò ń bẹ̀ yín, ẹ tàn án. Ẹ ní mo ti dé. Kò ríran. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì tó ní ìka rírọ̀ yẹn kó jókòó tì í, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ ní ọ̀nà ti gba ohùn mi. Ẹ má jẹ́ kó na ọwọ́ kó má rí ẹni gbà á. Èyí tí mo bá yín jà lé lórí náà ni mo wá ń bẹ̀ yín fún yìí. Ẹ yára.

Àbíkẹ́yìn yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ

Àbíkẹ́yìn mi,

Àbúrò ìyá rẹ ti fóònù sí ọ, nítorí náà o ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tí fóònù ò lè sọ ni mo fẹ́ kọ.

Lẹ́tà rẹ dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí dókítà ní òun ò ní béèrè mọ́. Mo gbé e sáré lọ sí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kà á tán, ó ní, "Bàbá, mi ò mọ eré orí ìtàgé í ṣe." Mo ní kò sí eré kankan níbẹ̀, ọwọ́ nìkan ni. Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó jókòó.

Mo ní, "Ìyá Àbíkẹ́yìn, àlejò rẹ dé." Ìyá rẹ lanu, ó ní, "Ọwọ́ dà?" Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀. Ìyá rẹ dì í mú, ó fi ìka rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé àtàǹpàkò, ó dúró níbẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá ní, "O káàbọ̀. O ti rù." Ó yí ojú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ lọ pe dókítà kékeré yẹn, kó mú ọ̀bẹ rẹ̀ wá." Mo sáré, ọmọ mi. Èmi tí mo ń fi ọ̀pá rìn. Inú mi dùn bí ẹni pé mo jẹ tẹ́tẹ́.

Wọ́n gé e. Kò jí. Oró náà ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú. Dókítà ní ká ní ó tètè gbà fún wọn ni. Mo ní mo mọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, nọ́ọ̀sì wá sílé, kò jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nínú òun tóun ò lè gbé sùn. Ó ní bí mo ṣe jáde lọ pe dókítà, ìyá rẹ rọra rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo bá mi kọ lẹ́tà. Èékánná tìẹ dán. Ti ọmọ mi wọ́, eku ló bù ú jẹ. Má sọ fún Tíṣà o. Jẹ́ kó rò pé òun yege." Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún, ó fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ìyá rẹ ní, "Má fà á. Ìwọ ṣáà dì í mú."

Gbogbo ohun tí mo fi kún lẹ́tà rẹ, ó gbà á gbọ́. Ìlà kan tí mo kà bó ṣe wà, ti eku àti èékánná, tí mo tún kà nígbà tó ní kí n tún un kà, ìyẹn ló fi mú mi.

Alábẹ̀wò ń wá lójoojúmọ́. Ó ń gbé oúnjẹ wá nínú abọ́ ìyàwó rẹ̀, á jókòó, á máa nu gíláàsì ojú rẹ̀. Lánàá ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí ni Àbíkẹ́yìn kọ?" Mo mú lẹ́tà oṣù kẹrin jáde, mo kọjú sí àga ìyá rẹ, mo kà á sókè. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kan níbẹ̀. Ohùn mi dé ibi tó o ti ní o ò ní lè wá, mo kà á ketekete, bí mo ṣe máa ń kà á fún kíláàsì tó kún. Mo kà á dé ibi tó o ti ní kó dúró dè ọ́.

Bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà ní títẹ́. Mi ò ní kí wọ́n ká a.

Bàbá rẹ.